Mo mú Bàbá lọ yẹ etí wò ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti Bàbá mi ti gbéra ní Kétu, níbí ní Bẹ̀nẹ̀, lọ sí ilé àyẹ̀wò etí kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láàárín oṣù méjì. Iṣẹ́ wọn dára. Mo ní ẹ̀sùn kan sí wọn, mo sì ní èyí tó tóbi jù ú lọ sí ibi tí a kọ́kọ́ gbà kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ fún ará àdúgbò láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Abẹ́ páànù ni ẹ̀rọ náà wà, ògiri sì yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ariwo rẹ̀ kì í ríbi gbà jáde. Ẹni tó bá gbé igbá àgbàdo wá, ọwọ́ ló máa fi júwe bó ṣe fẹ́ kó kúnná tó. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń yí rédíò sókè débi pé aládùúgbò ń gbọ́ ìròyìn láti ilé wa. Tí ọmọ kékeré bá kí wọn, wọn kì í dáhùn, àwọn ọmọ sì gbà pé Bàbá le. Ìyá mi máa ń sọ pé wọ́n gbọ́, pé wọ́n kàn dákẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú wọn lọ sí ibi ìtọ́jú kan. Dókítà tan iná sí wọn létí, ó ní etí mọ́, pé àgbà ló dé. Ẹni ọdún 58 ni Bàbá nígbà náà.

Ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bàbá jí, etí òsì ti dí pátá. Wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnìkan ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ohun kan tó ń hó nínú rẹ̀ láìdá. Bí wọ́n ṣe dìde, òòyì kọ́ wọn, wọ́n di ògiri mú. A ò fi falẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an la padà sí ibi ìtọ́jú. Dókítà tún tan iná, kò rí ìdọ̀tí, kò rí egbò. Ó kọ oògùn tí a ó máa kán sí etí, ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, èmi fúnra mi ni mò ń kán an, mò ń ka iye tó ń bọ́. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí oògùn náà kò lè dé ibi tí àìsàn wà.

Ọjọ́ kọkànlá, òòyì pọ̀ jù, a tún lọ. Dókítà ọ̀dọ́ kan la bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tíì tan iná rárá. Ó ní kí Bàbá pa ẹnu dé kí wọ́n kùn, "hùùùn", kí wọ́n sì sọ etí tí ohùn náà ti dún jù. Bàbá ní ọ̀tún ni, etí tó yá. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ká ní ìdọ̀tí ló dí etí òsì, inú etí tó dí yẹn gan-an ni ohùn náà ì bá ti dún jù. Bó ṣe wá bọ́ sí ọ̀tún yìí, inú lọ́hùn-ún, níbi iṣan ìgbọ́ràn, ni ọ̀ràn wà. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì ná wa lówó. Ó kọ lẹ́tà lójú ẹsẹ̀, ó pe Àjàṣẹ́ lórí fóònù, ó ní ọ̀la ni kí a lọ.

Aago márùn-ún ìdájí la wọ táksí ní Kétu, a gba Pobẹ̀ àti Sakété, a sì dé Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó mú. Ibi ìjókòó wọn mọ́, atẹ́gùn wà, àga sì tó. Ẹ̀sùn mi nìyí: ẹnu ni wọ́n fi ń pe aláìsàn. Obìnrin kan á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan lédè Faransé, á sì padà wọlé. Àìgbọ́ràn ló gbé gbogbo wa débẹ̀! Bàbá àgbà kan tó dá wá láti Sábẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè é tí wọ́n fò ó kọjá, kò mọ̀. Mo lọ bá obìnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà sí ara pátákó. Ó gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò tíì sí pátákó, ṣùgbọ́n ó ti ń jáde wá fọwọ́ kan èèyàn léjìká. Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún pátákó náà.

Láti ibẹ̀ wọlé, mi ò rí àléébù. Dókítà ORL náà, ìyẹn dókítà etí, imú àti ọ̀fun, obìnrin ni, Yorùbá ló ń bá wa sọ, ó sì jókòó dojú kọ Bàbá kí wọ́n lè máa rí ẹnu rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ streptomycin rí fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí gentamicin, ó tún béèrè kíníìnì, torí àwọn oògùn wọ̀nyẹn lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ó wo ìfúnpá, ó wo ṣúgà. Lẹ́yìn náà la lọ sí yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ nípọn. Wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn bo Bàbá létí, wọ́n fi bọ́tìnnì lé wọn lọ́wọ́: bí wọ́n bá ti gbọ́ "tín", bó ti wù kó rẹlẹ̀ tó, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìta ni mo wà, mò ń wò wọ́n láti ojú gíláàsì. Mò ń rí iná tó ń tàn lára ẹ̀rọ pé ohùn ń wọlé, Bàbá sì jókòó, ọwọ́ wọn kò mì, wọ́n ń wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ọdún mélòó la fi bínú sí wọn nínú ilé?

Ìwé tó jáde, audiogramme ni wọ́n ń pè é. Dókítà fi ìka tọ ọ́ fún wa, bí èmi náà ṣe ń tọ ojú ìlà lórí aṣọ kí n tó gé e. Roboto pupa ni etí ọ̀tún, X aláwọ̀ búlúù ni etí òsì, bí àmì bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìgbọ́ràn ṣe ń dín kù. Ẹni tó ń gbọ́ dáadáa kì í sọ̀ kọjá 20 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó kí etí tó gbọ́ ọ. Etí ọ̀tún Bàbá dára níbi ohùn tó wúwo, ó wá já lulẹ̀ ní 4000 hertz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó), ó sì gbéra díẹ̀ ní 8000. Dókítà ní ariwo ẹ̀rọ ló gbẹ́ kòtò yẹn. Ibẹ̀ ni ìró "s" àti "f" àti ohùn tín-ín-rín àwọn ọmọdé ń bọ́ sí, àwọn ọmọ tó ń kí Bàbá tí a ní wọn kì í dáhùn. Etí òsì ti lọ sí 75.

Ó kọ kọ́tísóònù, oògùn tó ń mú wíwú inú ara rọlẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí etí kan bá kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí a ò rí ohun tó dí i, pàjáwìrì ni, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ jù, pàápàá bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kejìlá la dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, X náà gòkè láti 75 sí 55. Mo bi í pé ká ní ọjọ́ Ajé yẹn la dé ńkọ́? Kò tàn mí. Ó ní ẹlòmíràn a dé lọ́jọ́ kìíní, etí ò sì ní padà, ṣùgbọ́n àǹfààní tó yẹ kí Bàbá ní, wọ́n pàdánù apá kan rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n ya àwòrán orí, torí bí etí kan bá kú ju èkejì lọ, ó yẹ kí wọ́n rí i dájú pé kókó kankan kò hù lára iṣan.

Mo wá bi í pé ta gan-an ló yẹ kí dókítà fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ó dá mi lóhùn gan-an, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ. Ẹni tí etí rẹ̀ kú lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ń hó tàbí ń dín kù, tàbí tí òòyì ń kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tí kò gbẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí o ní láti pariwo kí ẹni tó wà nítòsí rẹ tó gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń fún ní àwọn abẹ́rẹ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti ọmọ, ó dúró, ó rọra ń sọ ọ́ kí n lè kọ ọ́ tán: ọmọ tuntun, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò kó tó pé oṣù kan, bí ọ̀ràn bá wà, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé mẹ́fà. Ọmọ tí ibà pọ́njú rẹ̀ le nígbà tí wọ́n bí i. Gbogbo ọmọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ àrùn méníńjáítì, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ọmọ ọdún kan tí kì í wí "ba-ba, da-da". Ó ní bí ìyá bá wọlé tó ní, "Dókítà, ọmọ mi ò gbọ́," ọ̀rọ̀ ìyá yẹn nìkan ti tó láti kọ lẹ́tà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ọmọ máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í nípa "àgbà ló dé". Ó ní bí àgbà bá dé, ìyẹn gan-an ni ìdí tó fi yẹ ká yẹ etí wò.

Ní ti owó, 18,000 sẹ́fà la san lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún dókítà àti àyẹ̀wò, láìka oògùn àti ọkọ̀. Kò kéré fún ẹni tó ń lọ àgbàdo. Wọ́n sọ iye rẹ̀ fún wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún wa ní ìwé. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn han Bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má tíì rà á, ká jẹ́ kí etí dúró sójú kan ná. Ohun tí wọ́n ní ká rà ni ìbòtí tí Bàbá ó máa lò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń lò ó.

Mo da ohun tí mo kọ sẹ́yìn ìwé yẹn kọ sí ìwé mìíràn, mo gbé e lọ fún dókítà tó fún wa ní oògùn kíkán. Ó kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà. Ó bi mí bí ọ̀rọ̀ kíkùn yẹn ṣe ń lọ. Mo ní kó fi ìka dí etí kan, kó pa ẹnu dé.