Sítóòfù gáàsì tàbí ti pẹtiróòlù: èwo la ó gbé sórí kẹ̀kẹ́ lọ ìrìn-àjò nígbà yìnyín?

Ti gáàsì ló rọrùn jù. O yí i, o ṣáná sí i, ó tán. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti èkejì. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Oríṣi gáàsì mẹ́ta ló máa ń wà nínú agolo rẹ̀: butane, isobutane àti propane. Lójú ìwọ̀n Celsius, butane kì í di afẹ́fẹ́ mọ́ tí òtútù bá ti kọjá òdo. Isobutane ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bí 12 sísàlẹ̀ òdo, propane sì ń ṣiṣẹ́ dé 42 sísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, ka ara agolo kí o tó rà á. Àwọn kan máa ń gbé agolo wọn sùn mọ́jú kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́.

Ti pẹtiróòlù wúwo, ó sì kún fún wàhálà. Wàá fi pọ́ǹpù ti afẹ́fẹ́ sínú ìgò rẹ̀, wàá kọ́kọ́ dáná díẹ̀ mú páìpù rẹ̀ gbóná, iná yẹn sì lè fò sókè lójijì. Ẹnu rẹ̀ a tún máa dí. Ṣùgbọ́n òtútù kì í dá a dúró, ilé epo sì pọ̀ lọ́nà ju ibi tí wọ́n ti ń ta agolo gáàsì lọ.

Nínú àgọ́ tí a tì pa, méjèèjì lè fi carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara iná jáde, pani.

Fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú òtútù díẹ̀, gáàsì ni màá gbé. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé yìnyín lo fẹ́ máa yọ́ mu, pẹtiróòlù ni.