Toughbook CF-31 tókùnbọ̀ tí mo rà n'Ílọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé láptọ̀ọ̀pù wọ'nú igbó bíi tèmi, ẹ wá gbọ́ o. Ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ mi, láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán, láptọ̀ọ̀pù méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, eruku ọyẹ́ ló pa ìkan, ìkejì já bọ́ lórí ọ̀kadà. Ìgbà yẹn ni mo lọ ra Panasonic Toughbook CF-31 tókùnbọ̀ ní Challenge, irú táwọn ológun máa ń gbé kiri.

Ẹ̀rọ yìí le! Magnesium, irin kan tó fúyẹ́, lara ẹ̀, ó lọ́wọ́ tẹ́ ẹ lè fi gbé e bíi báàgì, gbogbo ihò ẹ̀ ló sì ní ìdérí tó ní rọ́bà nínú, tẹ́ ẹ bá tì í á dún kẹ́, eruku ò ráyè wọlé mọ́. IP65 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn òdiwọ̀n bó ṣe ń dènà eruku àtomi, 6 yẹn ni pé eruku ò lè wọ̀ ọ́, 5 yẹn ni pé bómi bá ń tú lù ú kò séwu, àmọ́ ẹ má rì í sómi o. Tèmi já látẹ̀yìn Hilux nítòsí Àjàṣẹ́, igun ẹ̀ kàn họ díẹ̀ ni, mo gbé e, máàpù tí mò ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà lójú ẹ̀! Nínú oòrùn ọ̀sán gan-an mò ń rí i kedere.

Ó wúwo ṣá, ó lé ní kílò 3, èjìká á mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó dùn mí ni bátìrì, kò lò tó wákàtí kan, ẹni tó tà á fún mi ò sì sọ. Ẹ yọ ṣájà ẹ̀, kẹ́ ẹ lò ó dáadáa níwájú ọlọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó.