Afinimọ̀nà ni àbí fóònù? Ọ̀nà méjì láti fẹsẹ̀ rin ìtàn Òṣogbo

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin ìtàn Òṣogbo lè gba afinimọ̀nà, ó sì lè ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní geocaching. Ní Amẹ́ríkà ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ mú ìdíwọ́ kúrò lára GPS (ètò sátẹ́láìtì tó ń tọ́ka ibi téèyàn wà) tí aráàlú ń lò. Ẹnìkan á fi ike kékeré pamọ́, á gbé nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì á fi fóònù wá a, á kọ orúkọ sínú ìwé inú rẹ̀, á sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Fún Igbó Ọ̀ṣun, afinimọ̀nà ni tèmi, kò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn. Ogún àgbáyé ni UNESCO kà á sí láti 2005, ojúbọ sì ni; ta ló fẹ́ máa tú ìdí igi kiri níbẹ̀? Ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ kò lè la ẹnu ròyìn Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú náà dó, fún yín. Ẹ lè bi afinimọ̀nà ní ìbéèrè, kó sì dáhùn. (Bó bá ń bù mọ́ ọn, ẹ ó mọ̀.)

Ìgboro ni fóònù ti wúlò. Ta ló ń mú àlejò lọ síbùdókọ̀ ojú irin, níbi tí rélùwéè dé ní 1907? Eré yìí lè gbé ọ̀dọ́ débẹ̀, bí ẹni tó fi ike síbẹ̀ bá ti gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, tí kò sì rì í mọ́lẹ̀; òfin eré náà ni méjèèjì. Ẹ ṣáà wa máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí dátà.