Páálí Òkúta Alórúkọ àbí Àpò Irinṣẹ́: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Fẹ́ni Tó Fẹ́ Kọ́ Nípa Àlùmọ́ọ́nì?

Ẹni mẹ́rin ló ti dá mi dúró lọ́nà ní Ṣàgámù níbí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Méjì nínú wọn jẹ́ òbí tí ọmọ wọn ń múra àtilọ kàwé nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì Ago-Ìwòyè. Wọ́n fẹ́ ra nǹkan tí ọmọ lè fi bẹ̀rẹ̀ nílé, wọn ò sì mọ èyí tí wọn ì bá mú. Jíọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo sì ti ra oríṣi méjèèjì tó wà lórí àtẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Àkọ́kọ́ ni páálí òkúta. Òkúta kéékèèké bí ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí, orúkọ wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni àpò irinṣẹ́: awò tó ń sọ nǹkan di ńlá nílọ̀ọ́po mẹ́wàá, àfọ́kù táìlì tí kò dán, òòfà, ìṣó, dígí pẹlẹbẹ àti ìgò kékeré fún áásìdì. Nínú àwọn olówó gọbọi, ẹ ó rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bíi báírò tí wọ́n fi ń díwọ̀n líle. Àpò irinṣẹ́ kì í sábà ní òkúta kankan nínú, ìyẹn ló sì ń lé àwọn òbí sá. Wọ́n á ní, "Kí wá ni ọmọ fẹ́ fi awò wò?"

Ohun tó ná mi lówó

Páálí ni mo kọ́kọ́ rà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ₦42,000. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Bí mo ṣe ṣí i ní ọ́fíìsì, gbogbo àwọn olùkọ́ ló yí mi ká.

Ọjọ́ kẹta tí mo gbé e wọ kíláàsì ni àṣírí tú. Mo ti kọ òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs, onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812 sójú pátákó: talc ni 1, òun ló rọ̀ jù, gypsum 2, calcite 3, fluorite 4, títí dé quartz tó jẹ́ 7 àti dáyámọ́ǹdì tó jẹ́ 10. Òfin rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: èyí tó le jù ló máa ń ha èyí tó rọ̀. Èékánná èèyàn wà ní nǹkan bíi 2.5, dígí fèrèsé wà ní nǹkan bíi 5.5. Fluorite ò gbọdọ̀ lè ha dígí rárá.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú mú òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ "fluorite" sí lábẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tú tẹ́lẹ̀, ó fi fa ìlà sára dígí orí tábìlì mi. "Àǹtí, ó ha dígí o!" Mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Mo fi àtàǹpàkò nu ún, ìlà náà ò lọ. Mo fi èékánná tọ ọ̀nà rẹ̀, èékánná mi há sínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo da àsítóònù tí ọmọ mi fi ń nu èékánná sórí òwú, mo fi nu òkúta náà títí. Òwú di aláwọ̀ ewé. Ohun tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ funfun bí omi ògì. Quartz ni, wọ́n pa á láró bí ẹni pa aṣọ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Èsì rẹ̀ ni pé àwọ̀ ló ṣe pàtàkì, àwọn ọmọdé ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó mi lọ, torí ọmọdé gan-an ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gba àwọ̀ gbọ́ mọ́. Quartz kan náà lè funfun, ó lè jẹ́ elésè àlùkò tí wọ́n ń pè ní amethyst, ó lè rí bí omi tíì, ó lè pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ òkúta olómi ọsàn tí wọ́n ń tà ní citrine, amethyst tí wọ́n yan nínú iná ni. Ẹni tó bá fi páálí kọ́ ọmọ, àwọ̀ ló ń kọ́ ọ.

Ohun tó ń sọ òkúta di àlùmọ́ọ́nì

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí kí owó tó jáde lápò, torí òun ni mo fi ń dá méjèèjì lẹ́jọ́. Nǹkan mẹ́rin là ń béèrè. Ṣé iṣẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn? Ṣé ó dì gbagidi, tí kì í ṣe olómi tàbí afẹ́fẹ́? Ṣé a mọ ohun tó para pọ̀ di í, débi tá a fi lè kọ ọ́ bí ìlànà kẹ́mísírì? Ṣé àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò létòlétò, tí ìtò kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, ló ń pinnu èyí tó yege, orúkọ tí wọ́n sì ti gbà wọlé ti ju 6,000 lọ.

Ẹ wá fi ìyẹn wo páálí mi. Obsidian wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, "àlùmọ́ọ́nì" ni wọ́n kọ sókè páálí. Òkè tó ń yọ iná ló da obsidian jáde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tutù kíákíá débi pé àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ò ráyè tò. Dígí ni, dígí tí ilẹ̀ ṣe. Òkúta granite náà wà níbẹ̀, àkójọ àlùmọ́ọ́nì sì ni granite, kì í ṣe àlùmọ́ọ́nì kan ṣoṣo. Ìtò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: carbon ni dáyámọ́ǹdì, carbon náà ni graphite inú pẹ́ńsù. Ohun kan náà ni wọ́n, ìtò ló yà wọ́n, ọ̀kan ò sí àlùmọ́ọ́nì mìíràn tó lè ha á, èkejì ń fara hàn lórí bébà bí ọwọ́ bá ṣe kàn án.

Kò sí ẹni tó lè fojú lásán rí ìtò. Ohun tí ìtò náà ń ṣe la lè rí: bó ṣe le tó, bó ṣe ń fọ́, bó ṣe wúwo, àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lórí táìlì, bóyá ó ń hó nínú áásìdì. Àpò irinṣẹ́ ló ń fi ìwọ̀nyí hàn. Páálí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbé òkúta rẹ̀ dání pàápàá.

Níbo la ó ti rí òkúta?

Èyí làwọn òbí ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wa níbí ò gbé èèyàn lọ́wọ́ ṣófo. Orí oríṣi ilẹ̀ méjì là ń gbé. Lápá Ago-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, òkúta líle àtayébáyé ló wà nísàlẹ̀, òun làwọn kúárì ń fọ́. Ní Ṣàgámù, òkúta ẹfun ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì; ìsàlẹ̀ òkun ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, ìkarahun ẹran omi sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ fi awò wò ó. Ẹ ó rí èyí tó rí bíi yìnyín, tí kò ní ojú pẹlẹbẹ kankan: quartz. Ẹ ó rí èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó ń kọ mànà bí ẹ bá yí i, torí pé ojú pẹlẹbẹ ló máa ń fọ́ sí: feldspar, ìdílé tó gba ju ìdajì èèpo ilẹ̀ ayé lọ. Ẹ ó sì rí èyí tó dúdú tó ń dán, tí orí ìṣó lè ṣí ní ìpele-ìpele bí ewé ìwé: mica. Àlùmọ́ọ́nì mẹ́ta lójú kan, láì san kọ́bọ̀.

Wọ́n ń ta àlùmọ́ọ́nì lọ́jà náà. Kán-ún tá a fi ń se ẹ̀wà, àlùmọ́ọ́nì tó ń jẹ́ trona ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti agbègbè adágún Chad. Tìróò gidi, galena ni, òjé àti imí ọjọ́ tó so pọ̀. Ẹ gbé e dání, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nítorí ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ lẹ́yìn náà, ẹ má sì fi í sójú ọmọ, májèlé ni òjé. Yangí pọ̀ lójú ọ̀nà. Ti Erédò Súńgbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nìkan ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn, ìyẹn kì í ṣe tiwa láti fọ́.

Bí wọ́n ṣe ń pín wọn sí ìdílé

Páálí mi fi àwọ̀ to òkúta: pupa níbí, ewé lọ́hùn-ún. Láti ọ̀rúndún 19 làwọn onímọ̀ ti fi irú ìyẹn sílẹ̀, tí wọ́n ń lo kẹ́mísírì. Ní 1941 Hugo Strunz ní Jámánì fi ìtò inú kún un. Èyí tó jẹ́ oxygen àti irin ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oxide, èyí tí imí ọjọ́ so pọ̀ mọ́ irin láìsí oxygen ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn sulphide, èyí tó ní silicon àti oxygen ń lọ sí ọ̀dọ̀ silicate, ìdílé tó pọ̀ jù nínú èèpo ilẹ̀.

Mo fún àwọn ọmọ ní òkúta Ṣàgámù àti kán-ún, mo ní kí wọ́n ha díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Méjèèjì hó. Ọ̀kan ń yọ́ nínú omi, èkejì la fi ń kọ́lé, àwọ̀ wọn ò jọra, ìlú wọn jìn síra, ìdílé carbonate kan náà ni wọ́n, àwọn tí carbon àti oxygen so pọ̀ nínú wọn, tó sì ń hó nínú áásìdì. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Kò sí páálí tó lè ṣe ìyẹn.

Àwọn yòókù

Áásìdì: hydrochloric tí wọ́n ti pò mọ́ omi dáadáa ni, àgbàlagbà ni kó mú un. Ẹ má lo áásìdì bátìrì mọ́tò láé. Ó léwu, ó sì ń fi gypsum bo ojú òkúta ẹfun tí ò fi ní hó mọ́.

Táìlì: ẹ tọrọ àfọ́kù lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí háráhárá lẹ máa lò. Hematite tó dúdú lójú ń fa ìlà pupa bí ilẹ̀ yangí lórí rẹ̀.

Awò ni kẹ́ ẹ náwó lé. Àwọn irin tí wọ́n fi ń díwọ̀n líle lè dúró ná. Ìṣó àti dígí tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Áàpù orí fóònù tó ń sọ orúkọ òkúta: fọ́tò ló ń wò, àwọ̀ ló ń rí.

Ẹwà: páálí ló mú un.

Èwo ni kí ẹ rà?

Páálí wúlò fún òkúta tí a ò lè rí nítòsí, bíi fluorite àti malachite. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tí wọn ò lẹ̀, tí òkúta rẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti wà á sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Olùtajà tí kò bá lè sọ ibi tí òkúta ti wá, ẹ má fowó fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó méjèèjì, kó rà méjèèjì, àpò irinṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ rà, kó sì fi yẹ páálí náà wò kí ọjọ́ tó lè dá a padà tó kọjá.

Ọmọbìnrin tó ha dígí yẹn yá àpò mi lọ sílé nígbà ọlidé. Ó padà dé pẹ̀lú òkúta 11, ó fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ nǹkan sí i lára. Èyí tí mo kọ́kọ́ tú kà báyìí: "Ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ha dígí. Ó ha táìlì. Kò hó." Ibi orúkọ, ó fi í sílẹ̀ lófìfo, ó ní òun ṣì fẹ́ gbé e wọ̀n.