Bentley Continental GT àbí Maserati GranTurismo: èwo lẹ máa rí tà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á?

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ kẹ́nì kan tó bi mí: mo ti ra Continental GT rí, mo sì ti tà á, ojú mi rí nǹkan. GranTurismo ni mò ń wà báyìí. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ọwọ́ mi tẹ̀ síbì kan, ẹ ti mọ̀dí ẹ̀, àmọ́ màá gbìyànjú kí n má ṣègbè. Àlòkù ni mò ń sọ o. Owó mọ́tò méjèèjì máa ń wálẹ̀ wìì láàárín ọdún díẹ̀ tí wọ́n bá ti kúrò ní tuntun, ẹni tó kọ́kọ́ rà wọ́n ló jẹ gbèsè yẹn, tiwa ni ká dúró nísàlẹ̀ ká hán an.

Eré sísá àti agbára ẹ́ńjìnnì, mi ò ní fi ìyẹn da yín láàmú, ẹ ti kà á tó, kò sì sí èyí tó lọ́ra nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wojú wọn

Continental GT àkọ́kọ́, ti 2003, Dirk van Braeckel àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Crewe, ibi tí Bentley fi ṣelé, ló yà á, wọ́n sì wo Bentley àtijọ́ kan, R-Type Continental ọdún 1952, dáadáa kí wọ́n tó mú pẹ́ńsùlù: òrùlé tó rọra dà sẹ́yìn láì dáwọ́ dúró, itan ẹ̀yìn tó yọ síta, iná iwájú rogodo mẹ́rin. Ó dà bí àgbàlagbà olówó tó ti jókòó tí ò ní í dìde fẹ́nikẹ́ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò lè purọ́. Èyí tó tẹ̀lé e ní 2011, wọ́n kàn pọ́n ọn ni, ilà ara ẹ̀ mú sí i, ẹni tí ò bá rí ti mọ́tò rò ò ní mọ ìyàtọ̀. Ìgbà tí ìran kẹta jáde ní 2017 ni wàhálà dé. Wọ́n ti táyà iwájú lọ síwájú ní mìlímítà 135, bọ́nẹ́ẹ̀tì wá gùn, imú wá kúrú, mọ́tò náà wá dúró bó ṣe yẹ kó ti dúró tipẹ́. Àtìgbà tójú mi ti mọ tuntun yẹn lára ni mi ò ti lè wo ti àkọ́kọ́ mọ́ láì rí bí imú ẹ̀ ṣe yọ kọjá táyà. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín náà ti rí i, ẹ má tan ara yín.

GranTurismo ní tiẹ̀, Pininfarina, àwọn ayàwòrán mọ́tò ní Ítálì, ló yà á, níbi àfihàn mọ́tò ní Geneva ni wọ́n ti ṣí aṣọ lórí ẹ̀ ní 2007, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 2019. Ọdún méjìlá! Ẹnu ńlá tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sí láàárín, ihò mẹ́ta mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, ara tó ru sókè lórí táyà bí ìgbì omi. Ẹ gbé ti 2008 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2016 kẹ́ ẹ pe ẹni tí ò mọ mọ́tò pé kó wá sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kò ní mọ̀ ọ́n. Tuntun tí wọ́n tún wá gbé jáde ní 2022 jọ baba ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dà á kọ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀lẹ yẹn, torí mọ́tò mi ò tíì darúgbó. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹwà àti ọ̀rọ̀ owó, ọ̀kan náà ni: ohun tí wọ́n bá yà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rà tán ló ń sọ iye tẹ́ ẹ máa tà á.

Àti pé Maserati tuntun yẹn, ẹ́ńjìnnì V6 onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ iná mànàmáná pọ́nńbélé. V8 onísílíńdà mẹ́jọ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ Ferrari ní Maranello, tó ń ké láìsí turbo tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó tán síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn nínú mọ́tò yìí, àwa tá a ní ti tẹ́lẹ̀ ló máa wá bá, GranTurismo tí kì í ṣe aláìlórùlé sì jẹ́ 28,805 péré láàárín gbogbo ọdún yẹn. Bentley ta tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì tá a bá ka gbogbo ìran ẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹlòmíì bíi mẹ́wàá náà ń ta tiẹ̀ tí àwọ̀ wọn jọ. W12, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjìlá ti Bentley, náà parí ní 2024, ó yẹ kí ìyẹn ran owó ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ W12 kì í ké, ó ń kùn ni.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Ìjókòó ẹ̀yìn, kò sí àríyànjiyàn. Láti àárín táyà iwájú dé àárín tẹ̀yìn, mìlímítà 2,942 ni GranTurismo, 2,745 ni Continental àkọ́kọ́, àgbàlagbà méjì á jókòó lẹ́yìn tèmi kí wọ́n má kanra. Ti Bentley, ọmọdé àti báàgì ló wà fún.

Búùtù, Bentley ló borí. Lítà 260 ni Maserati, báàgì méjì ó ti kún.

Inú mọ́tò, Bentley náà ni, igi ẹ̀ àti awọ ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Bọ́tìnnì àwọn Maserati ìgbà yẹn máa ń di èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìka tó bá pẹ́, ẹ fọwọ́ pa á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lójú ọ̀nà tó bá tutù, Bentley ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, Maserati ń fi tẹ̀yìn nìkan tì, ẹ fi sùúrù wà á.

Gíà, ibí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra lọ́dọ̀ Maserati. GranTurismo S tó jáde ní 2008, gíà MC Shift ló wà nínú ẹ̀, clutch wà níbẹ̀ àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́, clutch yẹn sì ń jẹ tán, pàápàá tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ti ń wà á lójoojúmọ́. Àwọn kan á ní òun ló ládùn jù, òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò pọ̀, àwọn tó máa ra tiyín lọ́la ò sì sí lára wọn. Gíà òtòmátíìkì tí ilé-iṣẹ́ ZF ṣe ni kẹ́ ẹ wá.

Ìwé

Ibi tówó mi wọlẹ̀ sí rèé, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Mo ra Continental GT ọdún 2005 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò olówó ńlá. Ó ní ẹni méjì péré ló ti ń wà á. Wọ́n fi rọ́bà aláwọ̀ àlùkò tí kò dán wé gbogbo ara ẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà ẹ máa yíjú ni, owó ẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, mo ní orí mi ló bá mi ṣe é. Ìwé sábíìsì wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, mo ṣí i, mo wò ó bí ìṣẹ́jú kan, mo pa á dé, mo sanwó.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ mo ní kí n tà á. Ẹni kẹta tó wá, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ sálúbàtà, kò tiẹ̀ yí mọ́tò po. Ó ní kí n gbé ìwé wá ná. Ó gbé e sí oòrùn, ó ṣí ewé mẹ́rin, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́rin rèé, bíìrò kan náà."

Mo gbà á wò. Òótọ́ ni. Bíìrò kan náà, ọwọ́ kan náà, kìlómítà sì ń lọ sókè ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géérégé lọ́dọọdún bí ẹni ń ka owó. Ó pe nọ́ńbà tó wà lórí òǹtẹ̀ yẹn lójú mi, wọ́n láwọn ò rí mọ́tò náà rí. Ó ní ẹ kú àdánù, ó bá tiẹ̀ lọ.

Oṣù méje gbáko ni mọ́tò yẹn fi dúró. Àwọn èèyàn ń wá o, wọ́n á jókòó sínú ẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn á pè mí. Mo wá rò pé àwọ̀ àlùkò yẹn ló ń lé wọn, mo ní kí wọ́n bó rọ́bà ara ẹ̀ kúrò, àbájáde ẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ọ̀tún àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ò bára wọn mu, fàdákà ni méjèèjì àmọ́ fàdákà yàtọ̀ sí fàdákà. Rọ́bà yẹn, aṣọ tí wọ́n fi bo egbò ni. Nígbà tó yá mo tà á fún ẹni tó ní páàtì lòun fẹ́ tú lára ẹ̀, iye tó fún mi ò tó ìdajì iye tí mo rà á.

Ẹ̀bi Bentley kọ́ o, ẹ̀bi ọkùnrin yẹn ni, tèmi náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé mọ́tò tí ìwé ẹ̀ ò pé, ìyà tó fi ń jẹni lọ́dọ̀ W12 ju ti ibòmíì lọ. Ẹ́ńjìnnì yẹn ní turbo méjì, wọ́n sì há a mọ́ inú iwájú mọ́tò débi pé àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ tó lè wọ ibẹ̀. Olùrà tó bá mọ̀ ọ́n, gbogbo sábíìsì tí ò rí nínú ìwé yín, bíi pé wọn ò ṣe é rárá ló máa kà á, á ṣírò owó gbígbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ mọ́ ọn, á wá yọ ọ́ kúrò nínú owó yín. V8 Maserati ní àyè díẹ̀ yí ká ní tiẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ lójú olùrà.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á fò. Nígbà tí mo lọ wo GranTurismo, mo ní kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ ná, kí wọ́n gbé fáìlì wá. Wákàtí méjì ni mo fi ka rìsíìtì. Rìsíìtì táyà wà níbẹ̀, ti gílóòbù kan wà níbẹ̀, lẹ́tà tí obìnrin tó ni ín fi bá mẹkáníìkì ẹ̀ jà lórí owó bíréèkì wà níbẹ̀, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú jù, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó ṣe ayédèrú ìjà. Bíìrò mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ní kí wọ́n ṣíná fún mi, láàárọ̀ kùtù kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, torí àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń pariwo gbàràgbàrà díẹ̀ tí variator, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, bá ti ń jẹ, èyí ò pariwo. Àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ ti eérú. Kò wu ọmọ mi, ó ní ó dà bíi mọ́tò lọ́yà. Mo ní ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ìwé lẹ ń rà, mọ́tò yẹn, ènì ni wọ́n fi ń ṣe fún yín.

Lórí àwọ̀ ẹ jọ̀ọ́: dúdú, eérú, búlúù tó ṣú, kẹ́ ẹ má kọjá ibẹ̀. Awọ pupa foo nínú mọ́tò, ẹ̀yin nìkan ló máa wù. Àwọn nǹkan tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ kún un ní tuntun, owó yẹn ò ní padà wá, torí náà ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì ti san án.

Ẹnì kan á bi mí nípa Ferrari 612 Scaglietti, èèyàn mẹ́rin náà ló ń gbé, 2004 ló jáde, kòtò ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ Ferrari 375 MM tí Roberto Rossellini tó ń darí fíìmù ní kí wọ́n ṣe fún ìyàwó ẹ̀, òṣèré Ingrid Bergman, ni wọ́n ti mú un. Ó rẹwà. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ já gíà ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n, owó ẹ̀ sì ti kúrò níbi tá a wà yìí pátápátá. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà?

Méjèèjì dáa, mo ní mi ò ní ṣègbè. Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, tó fẹ́ kí inú mọ́tò dákẹ́ rọ́rọ́, tí kì í gbé ju ẹnì kan lọ dání, kó ra Bentley. Kó sáà má ra W12 tó ti gbó, kó wá V8 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ẹ máa dá a mọ̀, abẹ́ lẹ́tà B iwájú ẹ̀ pupa, ẹnu èéfín ẹ̀ sì dà bí 8 tó sùn. Kó ṣọ́ ṣọ́ọ̀kì onífẹ́ẹ́fẹ́ ẹ̀ wò láàárọ̀ bóyá ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́jú. Kó má ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà wé. Kó ka iye irú ẹ̀ tó wà lọ́jà kó tó dúnàádúrà. Ẹni tó bá fẹ́ GranTurismo, kó wá èyí tó ní ZF, kó fọwọ́ pa bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé ìwé ẹ̀ sí oòrùn, kẹ́ ẹ ka bíìrò.