Mọ́ọ̀dù òjé àwọ̀n tí mo ṣe lọ́nà Ìkìrun: ó dára, àmọ́ ẹ wo ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Iṣẹ́ àwọ̀n ni mo ń ṣe l'Óṣogbo. Àwọ̀n jíjù ni mo ń hun jù, àwọn apẹja tó ń ṣiṣẹ́ lórí adágún Erinlẹ̀ lápá Ẹ̀dẹ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. (Nínú Igbó Ọ̀ṣun, gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í pẹja níbẹ̀.) Òjé tí a sín yí etí àwọ̀n ká ló ń mú un rì. Bí òjé ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo ju ti ìkejì lọ, àwọ̀n ò ní ṣí dáadáa lókè, ẹja á sì gba ibi tí kò tètè rì sá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa òjé tí à ń fi òòlù ká mọ́ okùn tì, tí mo lọ ṣe mọ́ọ̀dù tèmi, ìyẹn ègé méjì tó ní ihò láàárín, tí à ń da òjé yíyọ́ sí kó lè dì bí a ṣe fẹ́. Mo ti lò ó dáadáa báyìí, mo sì lè sọ bó ṣe rí.

Tánà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ló bá mi ṣe é lọ́nà Ìkìrun. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rí ní Machine Tools, ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbí ní 1980 láti máa ṣe lẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí a fi ń gé irin. Ẹ̀kọ́ yẹn hàn lọ́wọ́ rẹ̀. ₦35,000 ló gbà, owó alumíníọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi irin ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin á pẹ́ jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ á dípẹtà, á sì wúwo lọ́wọ́ yín. Èyí á yá gbóná, òjé ò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní 327°C ni òjé ń yọ́, alumíníọ̀mù kì í yọ́ àfi tó bá dé 660°C, àwọn méjèèjì kì í sì í wọnú ara wọn. Idẹ náà dára fún mọ́ọ̀dù, àmọ́ òjé tí tánńganran wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn atúnrédíò-ṣe fi ń jó wáyà, lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Bó ṣe gbẹ́ ihò rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Mo dúró tì í, mo ń wò ó. Kò kàn fi dírìlì lu ihò. Ó kọ́kọ́ fi irin líle gbẹ́ ohun kan tó rí gẹ́lẹ́ bí òjé tí mo fẹ́, ó sanra láàárín, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀. Ó fi fáìlì yọ eyín sí i lára yípo, ó tì í bọná títí ó fi pọ́n, ó rì í bọ òróró kó lè le. Lẹ́yìn náà ló dè é mọ́ ẹ̀rọ, ó jẹ́ kó máa yí, ó wá ń sún ègé alumíníọ̀mù méjèèjì mọ́ ọn láti ọ̀tún àti òsì, díẹ̀díẹ̀, títí ẹnu wọn fi pàdé. Nígbà tó ṣí i, ìdajì ihò wà lára ègé kan, ìdajì wà lára èkejì, kò sí èyí tó jìn ju èkejì lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ ju ìwọ̀n tí mo mú wá, torí òjé máa ń súnkì bó bá ń tutù.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù ọta ìbọn lò nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Láyé ìbọn tí à ń kì láti ẹnu, ìbọn kọ̀ọ̀kan sábà máa ń bá mọ́ọ̀dù tirẹ̀ wá ni, torí ihò ìbọn méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Kí ìbọn tó dé ayé rárá ni àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ti ń da òjé sínú mọ́ọ̀dù fún kànnàkànnà ogun. Àwọn kan tilẹ̀ kọ "gbà á" sí i lára fún ọ̀tá. Ní 1782, William Watts ará Bristol gbàṣẹ lórí ọ̀nà mìíràn: ó ń da òjé yíyọ́ gba inú asẹ́ láti ibi gíga, á dì róbótó kó tó bọ́ sínú omi, kò sì nílò mọ́ọ̀dù. Nílé wa níbí, ṣakabùlà kì í yan ọta, ohun tó bá ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé ti tó. Ìgbà ogun Kírìjí, tí wọ́n jà lápá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ni ìbọn tí à ń kì láti ìdí dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀. Ìyẹn ò gba ọta tí a fọwọ́ dà nílé, àfi kí ọta rẹ̀ ti Èkó wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tèmi. Ó fa àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ègé méjèèjì, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bí òjé bá ń wọlé. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì nù wọ́n, torí bí wọ́n bá dí, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ò ní kún. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín ihò kọjá, òun ló ń ṣí ojú okùn sílẹ̀. Kí n tó dà á, mo máa ń fi èéfín àbẹ́là kun inú ihò, màá sì gbé mọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó gbóná. Bó bá tutù, ara òjé á hun jọ. Bó bá gbóná jù, á funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á.

Ìdérí rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Òun la ń da òjé gbà, òun náà la fi ń gé ìdí òjé tó bá dì. Bóòtì tó dè é máa ń tú bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, òjé á sì yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo òjé á wá yọ etí. Mo gbé e padà, ó fi wọ́ṣà onísípíríngì sí i láìgba kọ́bọ̀, ó sì ti dúró dáadáa. Àmọ́ ó yẹ kó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi tó fi ṣe ọwọ́ rẹ̀ náà kúrú, ooru ń dé ìka.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ bátìrì mọ́tò nílé nítorí òjé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí májèlé òjé pa níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà láàárín ilé. Òjé tí àwọn tó ń báláǹsì táyà yọ lára ríìmù ni mo ń rà. Ẹ ṣà á dáadáa, síǹkì wà lára rẹ̀, kì í sì í yọ́ àfi tó bá dé 420°C. Bí iná yín ò bá pọ̀ jù, ó máa léfòó, ẹ ó sì bù ú dànù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yọ́ ọ, nínú ìkòkò irin tí ẹnikẹ́ni ò ní fi se oúnjẹ mọ́, kí ọmọdé má sí nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí omi kán sí i, ẹ̀kán kan ṣoṣo tó láti mú kó fọ́n sí yín lójú.

Bí ẹ bá ń hun àwọ̀n fún títà, ẹ lọ ṣe é. Ẹ mú òjé tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ lọ kí tánà fi wọn ìwọ̀n, ẹ ní kó fi wọ́ṣà onísípíríngì sí ìdérí, kó sì ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fún yín, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.