Ilé etí adágún Como tí wọ́n fẹ́ tà fún mi ní Wuse

Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ lọ sí ọ́fíìsì aṣojú onílé kan ní Wuse 2, àwọn tó ń ta ilé létí adágún Como ní Ítálì. Zobo wọn dùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lọ. Fọ́tò Bellagio, ìlú kan létí adágún náà, tí wọ́n fi hàn wá rẹwà, mi ò ní purọ́: bí ẹni gbé Jabi Lake sáàárín àwọn òkè Ìdànrè.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní tá a bá ti lè ra ilé náà, ìwé ìgbélùú ti délẹ̀ nìyẹn. Irọ́ funfun báláú! Ilé ríra níbẹ̀ kì í fúnni níwèé ìgbélùú. Físà Schengen la ó ṣì máa gbà, ọjọ́ 90 péré nínú 180. Àfìgbà tí mo bi í ló tó dárúkọ owó orí: bí ẹni bá ra ilé ìsinmi lọ́wọ́ aládàáni, ìdá 9 nínú 100 iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún ilé náà ni. Notaio, agbẹjọ́rò tí ìjọba yàn tó gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ilé, ńkọ́? "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó ní kí n san àsansílẹ̀ sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán, Ìyá Ìbejì ti gbé báàgì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, nítorí zobo.